Ọjọ́ Ẹtì: Ẹ Dé Kí Ẹgbẹ́ Àkọ́kọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Windmill ni eré alẹ́ òní, ní Blenheim Gardens, lẹ́bàá Brixton Hill, ní gúúsù London. Ilé ọtí ni, èèyàn 150 ló sì kún un. Orúkọ ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tó ti wà nítòsí rẹ̀ láti ọdún 1816, ni wọ́n fi ń pè é. Ilé táwọn èèyàn ń gbé ló yí i ká, kò sóhun tó jọ gbọ̀ngàn ńlá níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, inú yàrá yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ olórin Goat Girl, black midi, Squid àti Black Country, New Road ti ń ṣeré léraléra nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́ orúkọ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn indie rock, ìyẹn orin àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi owó ara wọn tàbí owó iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kéékèèké ṣe é, irú yàrá báyìí ló yẹ kó mọ̀ dunjú ju pápá ìṣeré lọ.

Ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta ló wà lára pátákó tí wọ́n fi polówó eré náà. Aago méje ààbọ̀ tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn ni, kì í ṣe ìgbà tí orin máa bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ á gun orí ìtàgé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, wọ́n á lo nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n á wá fi ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pààrọ̀ irinṣẹ́, ẹgbẹ́ kejì á wọlé, àwọn tí orúkọ wọn tóbi jù á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mẹ́wàá. Ní ọ̀pọ̀ ilé orin ní Britain, aago mọ́kànlá ni orin gbọ́dọ̀ dákẹ́, torí bí ìwé àṣẹ wọn ṣe wí nìyẹn, torí àwọn aládùúgbò náà sì ni. Àkókò tó dájú máa ń jáde lójú ìwé Instagram ilé orin tàbí ti ẹgbẹ́ náà ní ọ̀sán ọjọ́ eré.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á ka àkókò yẹn tán, wọ́n á wá dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1993, Alan McGee tó ni iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Creation Records lọ sí King Tut's Wah Wah Hut ní Glasgow, yàrá tó gba èèyàn 300. Ẹgbẹ́ mìíràn ló tìtorí ẹ̀ lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà ni Oasis, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, wọn ò tiẹ̀ polówó wọn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó mọ́ ló ti sọ fún wọn pé òun fẹ́ gba orin wọn sílé iṣẹ́ òun. Ẹni tó dé nígbà tí eré fẹ́ parí kò rí nǹkan kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe ohun tuntun kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ gba £50 péré fún alẹ́ kan, kí èèyàn mẹ́rin pín in, kí epo ọkọ̀ sì tún wà nínú rẹ̀. Bí yàrá bá ṣófo mọ́ wọn lójú, ìyà ọ̀tọ̀ nìyẹn tún jẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Tó bá jẹ́ orí áàpù DICE lẹ rà á sí, kò sí bébà kankan. Àmì tí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò lẹ́nu ọ̀nà kì í yọjú sórí fóònù àfi nígbà tí eré bá ti sún mọ́lé. Nítorí náà, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú lójú ọ̀nà ti di ìṣòro. Ẹ gbé páwà báǹkì dání. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti tán, ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de èyí táwọn ẹlòmíì bá dá padà. Ọ̀sán ọjọ́ eré gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń dá tiwọn padà, torí náà ẹ má tètè sọ̀rètí nù kí ẹ wá lọ ra ti àwọn tó ń tà á ní ìlọ́po méjì.

Ibi tí ẹ bá dúró sí ló máa pinnu ohun tí ẹ máa gbọ́. Nínú yàrá tó gba èèyàn 150, ìlù àti gìtá kò nílò sípíkà ńlá kí etí tó gbọ́ wọn. Orí ìtàgé níbẹ̀ gan-an ni ìró wọn ti ń wá. Ohùn akọrin nìkan ni kò lọ́nà mìíràn àfi inú sípíkà méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì, àwọn sípíkà náà sì kọjú sí àárín yàrá. Ẹni tó bá lọ dúró síwájú pátápátá, ní àárín gbùngbùn, ohùn yẹn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ìlù á máa kù láyà rẹ̀, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu akọrin, á wá máa sọ pé onísáùǹdì kò mọṣẹ́.

Ti anpílífáyà gìtá tún yàtọ̀. Ẹ wo Vox AC30, táwọn onígìtá indie fẹ́ràn gan-an. Ìró tó rinlẹ̀ ń tàn ká yàrá, ṣùgbọ́n ìró tó mú létí ń jáde nínú rẹ̀ gbọọrọ bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, nítorí náà ẹ̀yìn orúnkún onígìtá ló ń lù. Kò ní gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa, á tún yí i sókè, ẹni tó dúró ní ọ̀gangan rẹ̀ nínú èrò ló máa jìyà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wà níwájú ní dandan, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí anpílífáyà kọjú sí, kí ẹ yẹ̀ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin bó ṣe yẹ kó dún, ẹ wá àárín yàrá, níwájú tábìlì onísáùǹdì díẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ ló fi ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àfi bí wọ́n bá ti ti tábìlì rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe láwọn ilé ọtí kan. Nígbà náà ẹ ó rí i tó ń kúrò nídìí ẹ̀rọ, á rìn wá sáàárín èrò, á tẹ́tí, á tún padà. Ẹ lọ dúró níbi tó ti tẹ́tí yẹn.

Orin àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Ọ̀sán ni wọ́n dán irinṣẹ́ wò, nígbà tí yàrá ṣófo. Ara èèyàn àti aṣọ máa ń mu ìró, pàápàá ìró tín-ín-rín, nítorí náà yàrá tó kún kì í ṣe yàrá tí wọ́n dán wò mọ́. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ pàápàá lè má rí àyè ju pé kí wọ́n mọ̀ bóyá ohun gbogbo ń dún. Ẹ fún onísáùǹdì ní orin méjì kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ etí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìlànà tí NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni pé etí lè fara da ariwo 85 dB (dB ni ìwọ̀n bí ariwo ṣe pọ̀ tó) fún wákàtí 8. Bí ariwo bá fi 3 dB lé, àkókò náà á dín sí ìdajì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 88 di wákàtí 4, 91 di 2, 94 di 1, 97 di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 100 sì di ìṣẹ́jú 15 péré. Ariwo 100 dB kò ṣòro rí nínú yàrá kékeré tí ìlù wà nínú rẹ̀. Ìdí etí oníkànrìnkàn, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò etí, ń dáàbò boni, ṣùgbọ́n ìró tín-ín-rín ló ń gé jù, orin á dà bíi pé ó wà ní yàrá kejì. Èyí tí wọ́n ṣe fún orin, tó ní asẹ́ inú tó ń sẹ́ ìró, máa ń dín gbogbo rẹ̀ kù lọ́gbọọgba. Ẹ wá èyí tí SNR rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye dB tó ń dín kù, tó 17 sí 20. Bó bá jẹ́ oníkànrìnkàn lẹ ní, ẹ yí i mọ́ra títí á fi tín-ín-rín, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ dì í mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kó fi wú. Ẹni tó bá kàn tì í wọlé lásán kò dí nǹkan kan. Ẹ fi í sétí kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí etí bá ń hó.

Nǹkan á bàjẹ́ lórí ìtàgé, ó sì dára kéèyàn mọ ohun tó ń rí. Bí máíkì bá ń han goooro, ohùn tó ń jáde látinú sípíkà tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún akọrin ló tún ń padà wọ inú máíkì, tó ń yí po. Akọrin tó bá fọwọ́ bo orí máíkì tún ń dá kún un ni, torí bó ṣe bò ó yẹn, máíkì á máa gbọ́ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí gìtá bá dákẹ́ lójijì, tí onígìtá kúnlẹ̀, àwọn pẹ́dà ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn àpótí kéékèèké tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ìró gìtá padà, ló ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: kébù kúkúrú tó so wọ́n pọ̀ ló máa ń yẹ̀ jù, lẹ́yìn náà wáyà iná wọn. Èyí tó mọṣẹ́ á yọ gbogbo wọn kúrò, á ki gìtá bọ anpílífáyà tààrà, á sì máa bá orin lọ. Okùn gìtá tó já burú jù ú lọ, torí pé okùn tuntun á máa fà, kò ní dúró sójú ohùn fún orin bíi mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tí wọ́n ń yá gìtá ẹgbẹ́ tó ti ṣeré tán. Ìlù náà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń lo ìlù kan náà, onílù kọ̀ọ̀kan á wá gbé síńáà (ìlù kékeré), símbà (àwo idẹ) àti pẹ́dà ìlù ńlá tirẹ̀ wá. Pípààrọ̀ àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ ogún ìṣẹ́jú yẹn.

Ẹ má gbé ife ọtí sórí ìtàgé láéláé. Pẹ́dà ẹsẹ̀ lè kú nítorí ọtí bíà kan, owó rẹ̀ sì lè ju gbogbo owó tí ẹgbẹ́ náà gbà lálẹ́ yẹn lọ. Bébà tí wọ́n kọ orúkọ orin sí, tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́lẹ̀, tiwọn ni títí eré á fi parí. Nígbà tí iná bá tàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà, ẹ lè tọrọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á fún yín.

Kí ẹ máa tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan láti ìlú dé ìlú ni ẹ fi máa mọ̀ wọ́n. Èmi ò rò pé alẹ́ kan tó. Orin kan náà tó há mọ́ Windmill á dún lọ́nà mìíràn nínú Thekla ní Bristol, ọkọ̀ ojú omi onírin tó gúnlẹ̀ sí etí omi, tí wọ́n ń ṣeré nínú ikùn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orin tí wọ́n kọ́kọ́ ń rọra lù á ti yára, ohùn akọrin á ti ha díẹ̀, wọ́n á sì ti yọ orin tí kò wọ èrò lára lálẹ́ kẹta kúrò níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi sáàárín. Orin tuntun tí kò tíì lórúkọ náà ń dàgbà lójú yín.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ilé orin, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àkókò tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀, orin bó ṣe tò tẹ̀ léra. Fún orin tí kò lórúkọ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ègbè rẹ̀. Pẹ́ńsù kúkúrú àti ìwé àpò ló dára jù, torí iná fóònù ń dá àwọn tó wà lẹ́yìn láàmú. Nínú bọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti parí rẹ̀, torí àárín eré ni ọpọlọ kọ́kọ́ máa ń gbàgbé. Ẹ wo ohun tí Fugazi, ẹgbẹ́ olórin kan ní Washington, ṣe: wọ́n tọ́jú ohùn eré wọn tó lé ní 800, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dábàá $5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń béèrè pé kí ló kàn wá nínú irú orin yìí, ẹ wá Tunde Adebimpe gbọ́. Ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, òun ni ohùn ẹgbẹ́ TV on the Radio, tó bẹ̀rẹ̀ ní Brooklyn ní 2001. Ní 2024 wọ́n tún padà sórí ìtàgé, ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ́kọ́ọ̀dù wọn tó jáde ní 2004, wọ́n sì dé London náà.

Bí ẹ bá ní £25, ẹ ra fánẹ́ẹ̀lì tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù lórí tábìlì ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn eré. Àwọn gbọ̀ngàn ńlá kan ń gba tó ìdá 25 nínú 100 lórí ohun tí ẹgbẹ́ bá tà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ yàrá kékeré kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn yàrá yìí gan-an ló sì ń kú: Music Venue Trust, àjọ tó ń jà fún àwọn ilé orin kéékèèké, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014, kà á pé 125 ló tì pa ní Britain ní ọdún 2023 nìkan.

Ọ̀nà ilé: ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Victoria line láti Brixton ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lálẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ní alẹ́ mìíràn, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 159 tó ń gba Brixton Hill kọjá. Fún ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ náà, Leeds ló kàn lọ́la, ní Brudenell Social Club, ilé ìgbafẹ́ àwọn ará àdúgbò tó ti wà láti 1913. Ọkọ̀ ojú irin láti King's Cross ń lò tó wákàtí méjì àti díẹ̀, ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe, nítorí náà ẹ yẹ ìkànnì National Rail wò láàárọ̀. Èyí tó kẹ́yìn padà sí London á ti lọ kí eré tó parí. Ẹ ti wá ibi tí ẹ máa sùn.