Kílọ́ọ̀ṣì Súkútà Tí Ọwọ́ Kì Í Fà

Àwọn tó gun súkútà Vespa àtijọ́ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà tó sì ń tú u, ọwọ́ òsì yẹn náà ni wọ́n sì fi ń yí gíà. Lára ọ̀pọ̀ súkútà òde òní, bíréèkì ẹ̀yìn ló wà lábẹ́ ọwọ́ òsì, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ó ní in. Eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá ló ń darí rẹ̀.

Púlì méjì ló wà lábẹ́ ìdérí gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì rọ́bà kan ló sì so wọ́n pọ̀. Púlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ awo irin méjì tó lè súnmọ́ ara wọn tàbí kí wọ́n jìnnà síra. Inú ti iwájú, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí tààrà, ni àwọn rólà kéékèèké wà, mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni wọ́n ń sá kúrò láàárín lọ sí etí, gẹ́gẹ́ bí òkúta inú kànnàkànnà tí a ń fì, wọ́n a sì ti awo kan mọ́ èkejì títí bẹ́líìtì yóò fi gòkè lọ sí etí púlì. Níwọ̀n bí bẹ́líìtì kò ti lè gùn sí i, bó bá ti gòkè níwájú, ó ní láti rì wọlé lẹ́yìn, kí ó ya awo méjì tí súpíríǹgì ńlá kan ń tì pọ̀. Báyìí ni gíà ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀, láìsí kìíní, láìsí ìkejì.

Ara púlì ẹ̀yìn ni kílọ́ọ̀ṣì wà: ṣúù bíi ti bíréèkì, tí súpíríǹgì kéékèèké fà mọ́ra. Nígbà tí súkútà bá dúró, súpíríǹgì borí wọn, táyà kò sì yí. Bí a bá fún un níná, púlì ẹ̀yìn a yára yí, ṣúù a sì ṣí síta, wọ́n a di irin róbótó tó yí wọn ká mú, agbára a sì dé táyà.

Lójú tèmi, ìwọ̀n rólà ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí súkútà bá ń lọ́ra. Rólà fífúyẹ́ ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì pẹ́ nínú gíà kékeré, èyí tó dára fún òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Èyí tó wúwo a máa tètè bọ́ sí gíà ńlá, ṣùgbọ́n kì í lágbára láti gbéra. Rólà tó bá ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í yí geere mọ́. (Mẹkáníìkì tó bá jẹ́ kí gírísì kan bẹ́líìtì kò ṣe wá lóore, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀.)

Bí bátìrì bá kú, títì kò lè mú kí ẹ́ńjìnnì irú súkútà yìí ṣiṣẹ́. A lè tì í láti Mọ́kọ́lá dé Sángo: táyà yóò máa yí, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò yí, ṣúù kò ní ṣí síta, ẹ́ńjìnnì kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń làágùn. Kíkì ẹlẹ́sẹ̀, irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́, ló kù, bí súkútà náà bá ní ọ̀kan.