Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Alátọ̀gbẹ Mọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Bí ẹsẹ̀ bá ń ta alátọ̀gbẹ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, tó ń jó o lóru, á tètè wá ìtọ́jú. Ìgbà tí ìrora yẹn bá lọ fúnra rẹ̀, tí ẹsẹ̀ wá kú tipiri, ni mo kọ́ pé ó yẹ ká bẹ̀rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn ní ìwòsàn. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ló ti ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́. Iṣan tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń jìyà, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Iṣan tó ń mú ẹsẹ̀ làágùn náà ń bàjẹ́: awọ á gbẹ, gìgísẹ̀ á sán, àrùn á gba ojú ibẹ̀ wọlé.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Kí alátọ̀gbẹ dijú, kí ẹlòmíì fi orí ìka ọwọ́ kan orí àtàǹpàkò, ìka àárín àti ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ méjèèjì, fẹ́rẹ́ báyìí, ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 2. Kó má tẹ̀ ẹ́, kó má fọwọ́ ra á. Bí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ bá ti ń lo Metformin (oògùn àtọ̀gbẹ) fún ọdún mélòó kan, ẹ ní kó yẹ Vitamin B12 yín wò, torí àìtó rẹ̀ náà ń mú ẹsẹ̀ kú, ó sì ṣeé tọ́jú. Ẹ má kàn dá oògùn náà dúró fúnra yín.

Lálaalẹ́, ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ la àárín ìka wò. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ibi tó ń bàjẹ́ lè má pọ́n rárá. Ńṣe ló máa dúdú ju ìyókù lọ, táá wú, táá gbóná. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì.



Ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tọ́ omi ìwẹ̀ wò, kì í ṣe ẹsẹ̀. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó ẹsẹ̀ tó kú máa ń bó o láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ fi òrí tàbí Vaseline pa á, àmọ́ ẹ má fi sí àárín ìka: ọ̀rinrin ibẹ̀ ń mú awọ jẹrà. Ẹ má fi bíléèdì gé awọ tó le. Kẹ́ ẹ tó wọ bàtà, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fọwọ́ wá inú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ kan lè jẹ awọ wọlé láàárín ọjọ́ kan.

Bí ọgbẹ́ bá wà, bó ti wù kó kéré, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi báńdéèjì tó mọ́ bò ó, kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Ẹ má da ògógóró tàbí omi bátìrì sí i. Bó bá ń rùn, tó ń tú ọyún, tí ìka dúdú, tàbí tí ara gbóná, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a nílé.