Ẹ wo ìrù fáìlì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe sí kọ̀ǹpútà Windows tó bá wọ ọ́fíìsì ni pé kó máa fi ìrù orúkọ fáìlì (lẹ́tà tó wà lẹ́yìn àmì tó kẹ́yìn, bíi .pdf) hàn, nítorí Windows fúnra rẹ̀ a máa fi í pamọ́. Bí àwọn ọ̀daràn bá fi Invoice.pdf.exe, tó jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ nínú ímeèlì, Invoice.pdf lásán lẹ máa rí, wọ́n á sì ti fi àwòrán PDF bò ó. Nínú Windows 11, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, ẹ tẹ Show, kí ẹ wá mú File name extensions. Ọgbọ́n àtijọ́ ni o: ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs ni fáìlì kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU ń jẹ́, àmọ́ .TXT lọ̀pọ̀ èèyàn rí.

Kí ẹni tó ń bójú tó ímeèlì yín dí àwọn fáìlì tí wọ́n lè fi kó ètò burúkú wọlé, ìyẹn .exe, .js, .vbs, .hta, .lnk, .iso àti .one, pa látẹnu ọ̀nà. Kò sí aṣírò owó tó nílò .js. Láti ọdún 2022 tí Microsoft ti ń dí macro (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú fáìlì Word tàbí Excel) inú fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá làwọn ọ̀daràn ti sá lọ sídìí .iso àti .one.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni zip (fáìlì tí wọ́n di àwọn fáìlì mìíràn sínú rẹ̀) tó ní password, tí password náà sì wà nínú ímeèlì kan náà. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó tún so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, ta ló ń tì í mọ́? Ẹ̀rọ tó ń yẹ fáìlì wò ni: kò lè ṣí i, kò sì lè rí ohun tó wà níbẹ̀.

Fáìlì .html, ìyẹn ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, ńkọ́? Antivirus lè má sọ nǹkan kan, torí ojú ìwé ìwọlé lásán ni. Ẹ wo òkè bíráúsà: bí ẹ bá rí file:/// (ìyẹn ni pé inú kọ̀ǹpútà yín ló ti ṣí, kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì) níbi tó ti ń bi yín ní password Microsoft, ẹ pa á dé.

Ẹ má sì sọ pé ẹ mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Àpótí ímeèlì rẹ̀ gan-an ni wọ́n lè ti jí, kí wọ́n máa fèsì sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti jọ ń sọ bọ̀. Bí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó sí bá ti yí padà, nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì náà.

Bí ẹnì kan bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì, ẹ pa Wi-Fi, àmọ́ ẹ má pa kọ̀ǹpútà, torí ẹ̀rí tó wà nínú memory á pa rẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yí password padà, kẹ́ ẹ sì lé gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé sínú àkáǹtì ímeèlì náà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ Rules (òfin tó ń darí ímeèlì fúnra rẹ̀) inú Outlook wò. Àwọn ọ̀daràn sábà máa ń fi òfin kan síbẹ̀ tó ń kó gbogbo ímeèlì tó bá ní “invoice” lọ sínú fódà RSS Feeds, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.