Ẹ bá mi dúpẹ́, Ebola ti lọ, mo wà láàyè

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Lánàá, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2015, wọ́n kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Sàró. Ọjọ́ 42 gbáko láìsí aláìsàn tuntun! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá mi ní Freetown, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lẹ́yìn Ọlọ́run, ìyá onílé wa ni. Kí ìjọba tó sé gbogbo ìlú mọ́lé fún ọjọ́ 3 ní oṣù Kẹsàn-án 2014, ìyá ti gbé korobá tó ní ẹnu ẹ̀rọ sí ẹnu géètì, omi kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ló wà nínú rẹ̀. Bí o ò bá fọwọ́, o ò wọlé, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń po tuntun, torí agbára ti àná á ti dínkù. Ọwọ́ wa bó, aṣọ wa ṣì, a ò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ló ń da ìyá láàmú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ó yọ́ lọ wẹ òkú ìbátan rẹ̀ lóru. Kò pẹ́ tí òun náà fi tẹ̀ lé e. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sé ilé wa fún ọjọ́ 21, sójà dúró lẹ́nu géètì. Lóru ọjọ́ kẹsàn-án ara mi gbóná, mo bì. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Ìyá ló pe 117, nọ́ńbà tí a fi ń pe àwọn elétò ìlera nígbà Ebola. Ìyá ò fọwọ́ kàn mí o. Wọ́n gbé omi sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fẹ̀yìn rìn, wọ́n jókòó lórí àpótí lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi dé. Níbi tí wọ́n kó wa sí láti dúró de èsì àyẹ̀wò, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń bì, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde. Ọjọ́ 2 ni mo fi ká ọwọ́ sáyà, mi ò fi kan ojú, mi ò fi kan irin bẹ́ẹ̀dì. Èsì dé: ibà ni!

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí láti ilé pé kí n mu omi iyọ̀, kí n fi wẹ̀, kí n máa jẹ orógbó kí Ebola má bàa mú mi, mímu omi iyọ̀ yẹn pa èèyàn ní Nàìjíríà, ẹ sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má tíì wá síbi ìkómọ nítorí ẹ̀rù Ebola, mo gbọ́, mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́, kó dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Ẹ má sì wẹ òkú àrùn nítorí kí ará ìlú má bàa sọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ yìí, ìyá di ọwọ́ mi mú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá. Òórùn kílórínì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa.