Oògùn ọjọ́ 28 fún ajá tó ń sá fún ọwọ́

Ibà eégbọn ló sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Ajá tó ń lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ká jọ sábẹ́ àga, kò fẹnu kan oúnjẹ, èrìgì rẹ̀ ti funfun, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa kán nímú rẹ̀. Dókítà ẹranko á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, á ní kòkòrò tí eégbọn ń gbé kiri ló wọ̀ ọ́ lára, á sì kọ doxycycline fún un, ọjọ́ 28 láìfo ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kìíní, ẹni méjì á dì í mú, ẹnì kẹta á la ẹnu rẹ̀, oògùn á wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ajá ti dá ìró ike oògùn mọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, eyín ló fi ń kí yín káàbọ̀. Ọjọ́ 25 ló ṣì kù.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa oògùn tì. Ara ajá á ti máa yá gágá nígbà náà, wọ́n á ní kò sí wàhálà mọ́, kòkòrò tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á fara pamọ́, àìsàn á sì tún yọjú lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ti oògùn ajá, ẹ wò ó bí ìṣirò owó: agbára lè ra oògùn òní fún yín, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀la, ti ọ̀túnla àti ti gbogbo ọjọ́ tó kù ló fi san án.

Kí ẹ tó pe ajá kan ní oníjà, ẹ wádìí ohun tó ń dùn ún. Ajá tó ti jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ láti ọdún mẹ́rin, tó wá ń kùn sí ọmọdé tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìgbáròkó ló ń ro ó, tàbí eyín tó ti jẹrà, tàbí etí tó ń ṣọyún. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bó ṣe máa gba oògùn láìjà. Àyẹ̀wò tí ẹ ò bá rí ṣe l'Adó-Èkìtì, wọ́n lè darí yín sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí ò gbọdọ̀ dé. Ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tó ń da itọ́, tí ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, tí kò lè gbé omi mì, tó ń bu ohunkóhun jẹ, ẹ má sún mọ́ ọn rárá. Dìgbòlugi ló lè jẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ pe dókítà ẹranko. Ẹni tó bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ojú egbò náà tilẹ̀ kéré. Ajá tó bá ti pé oṣù 3 yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ajá tó kù, tí ìbẹ̀rù ń ṣe, kì í ṣàdédé buni jẹ. Kó tó kùn, á ti sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tí a ò gbọ́. Á gbé ojú kúrò lára yín. Á máa lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Á yán nígbà tí oorun ò kùn ún. Á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀, ìrù á wọ abẹ́ itan, funfun ojú á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó léwu jù nínú gbogbo wọn ni èyí tí àwọn èèyàn máa ń yìn ín fún: ó dúró gbagidi, ó panu mọ́, kò mira. "Ẹ wò ó, ó ti gbà!" Kò gbà o. Ó ń wo ibi tó máa bù ni.

Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ fọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Àwọn ará ilé lè ní ẹ ń kẹ́ ẹ bàjẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ má sì lu ajá nítorí pé ó kùn. Ajá tí a lù nítorí kíkùn á kọ́ láti má kùn mọ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ ò sì kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ míì, eyín nìkan lẹ máa rí.

Ohun tí ẹ máa fi bá a dòwò ni fùkù màlúù. Ẹ bá alápatà sọ̀rọ̀ ní Ọjà Bísí tàbí ọjà tó bá sún mọ́ yín, kò wọ́n tó ẹran ara. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi lásán fún bí ìṣẹ́jú 30. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, Maggi tàbí ata níbẹ̀, pàápàá jù lọ àlùbọ́sà, torí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn náà sì ni ibà eégbọn ti ń bá jà tẹ́lẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà. Níbi tí iná NEPA ò bá ti dúró, ẹ yan án lórí ẹyín iná tí kò pọ̀ títí á fi gbẹ, kí ẹ dé e pa sínú ike. Fùkù yìí ò gbọdọ̀ wọ inú oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wà nìkan ni kó máa rí i, kó lè máa ṣàárò rẹ̀.

Oògùn oníhóró ló rọrùn jù. Ní òkè òkun, wọ́n ń ta ohun rírọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi oògùn ajá pamọ́ sínú rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ò nílò rẹ̀, iyán wà. Ẹ̀bà máa ń fọ́, á sì tú àṣírí. Iyán máa ń fà, ó ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, kì í jẹ́ kí òórùn kíkorò oògùn jáde. Ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó kan ọbẹ̀, kó tutù dáadáa, torí inú iyán máa ń gbóná pẹ́ ju ìta rẹ̀ lọ. Ẹ ṣù ú sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju orí àtàǹpàkò lọ fún ajá ńlá, kó kéré sí i fún ajá kékeré. Bó bá tóbi jù, á rún un lẹ́nu, á sì kan oògùn níbẹ̀. Ọwọ́ tó fi oògùn sínú ìṣù kò gbọdọ̀ kan ìta ìṣù náà, imú ajá ò ṣeé tàn. Ìṣù kìíní àti ìkejì ò ní oògùn nínú. Ẹkẹta ló gbé oògùn, kí ẹ sì ti fi ẹkẹrin hàn án lọ́wọ́ kejì kó tó gbé ẹkẹta mì tán, kó lè yára gbé e mì torí ojúkòkòrò. Kí oúnjẹ rẹ̀ tẹ̀lé e, torí doxycycline máa ń da inú rú bí inú bá ṣófo. Ẹ má fi mílíìkì tàbí wàrà gbé e, wọ́n máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ìgbà oògùn nìkan ni iyán máa ń yọjú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ajá á ti mọ̀ pé iyán ni oògùn. Ẹ máa fún un ní ìṣù lásán láwọn ìgbà míì lójúmọ́, kí èyí tí kò ní nǹkan nínú pọ̀ ju èyí tó ní lọ dáadáa. Bó bá fo oògùn kan, ẹ má fi méjì san án lọ́jọ́ kejì. Ajá tí àìsàn ò jẹ́ kó jẹ ohunkóhun rárá, ẹ bi dókítà bóyá abẹ́rẹ́ tàbí oògùn olómi wà. Olómi náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ẹ máa fi sìríńjì sí, díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé e mì. Èyí tí ẹ bá tú sí ọ̀fun lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Oògùn etí àti egbò ò ṣeé pamọ́ sínú iyán. Níbẹ̀ ni àdéhùn ti wọlé. Ẹ wá ẹní kékeré kan tàbí àpò ìrẹsì tí ẹ ò ní lò fún nǹkan míì, kí ẹ máa tẹ́ ẹ síbì kan náà, níbi tí ajá ti lè rí ọ̀nà àbájáde. Bó bá gun orí ẹní, fùkù kan. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó bá gbé àgbọ̀n lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ wí pé "ó dáa", kí fùkù tẹ̀lé e. Àáyá kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú méjì tó nígbà kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Bí àgbọ̀n bá ti kúrò lórí àtẹ́lẹwọ́, ohun gbogbo dúró, ọwọ́ yín á sì padà sẹ́yìn. Ajá tó mọ̀ pé òun lè lọ máa ń dúró pẹ́ ju ajá tí a so mọ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìgò oògùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn. Lákọ̀ọ́kọ́, kó wà nílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kó wà lọ́wọ́ yín. Kó gbọ́ ìró ìdérí rẹ̀. Kí ìgò tó ṣì dé pa kan etí rẹ̀. Èyí tó bá mú kó gbé àgbọ̀n kúrò, ẹ padà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ márùn-ún, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí etí bá ti ń ṣọyún tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn ò lè dúró, ẹ ṣe èyí tó pọn dandan ní ibòmíì, kí ẹlòmíì sì dì í mú bó bá ṣeé ṣe. Ẹ má gbé ìjà wá sórí ẹní. Bí ẹ bá gbá a mú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì á ṣòfò.

Nígbà tí etí bá wá kàn, ẹ di ìgò mọ́ àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí omi tútù nínú etí nìkan tó láti mú ajá sá. Ẹ gbé etí sókè, ẹ ka iye ẹ̀kán tí dókítà kọ, ẹ rọra tẹ ìdí etí fún àáyá 30 títí ẹ ó fi gbọ́ ìró omi, kí ẹ sì yẹra, torí á gbọn orí. Ẹ má ti òwú onígi bọ̀ ọ́: ọ̀nà etí ajá tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀, ìdọ̀tí nìkan lẹ máa tì wọlé. Ẹ má sì lo oògùn etí tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ará àdúgbò. Bí awọ inú etí bá ti lu, àwọn oògùn kan lè di í létí pa.

Ajá tó ti bù ẹnì kan jẹ rí yẹ kó lo ìdínu, irú èyí tó dà bí apẹ̀rẹ̀ onírin, tó lè la ẹnu, kó mu omi, kó sì mí hẹlẹhẹlẹ nínú rẹ̀. Ahọ́n ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára nínú ooru. Okùn tí a fi di ẹnu rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan lè pa á. Ẹ fi ẹja díẹ̀ pa inú apẹ̀rẹ̀ náà, kó máa fúnra rẹ̀ ti imú bọ̀ ọ́, kí ẹ má tíì dè é fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ológbò ò rí iyán sí nǹkan kan. Ẹ fi oògùn rẹ̀ sínú ẹja tí ẹ gún, kí ẹ sì fi omi bíi 5 ml tẹ̀lé e, torí doxycycline tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á dá egbò síbẹ̀. Paracetamol, ẹ má fún un láé. Hóró kan ti 500 mg tó láti pa ológbò.

Ajá tí wárápá mú, ẹ kó àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, pàjáwìrì ni. Kò sí ṣíbí tàbí epo pupa tó gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, kì í gbé ahọ́n mì.

Ti eégbọn fúnra rẹ̀ ń kọ́? Àárín ọmọ ìka, inú etí àti abẹ́ kọ́là ló máa ń sá sí. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un mọ́ ibi tó ti kan awọ, kí ẹ fà á jáde tààrà. Ọta-piapia tí àwọn kan ń fi wẹ ajá máa ń gba awọ wọlé, ajá á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti jóná náà, májèlé ni, ajá á sì lá a.

Lọ́jọ́ 28, ẹ gbé e lọ kí dókítà tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ 29, ẹ má dá iyán dúró. Ẹ máa fún un ní ìṣù mẹ́rin lásán ní àkókò oògùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ẹ sì máa tẹ́ ẹní lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láìsí ìgò kankan nítòsí.