Bọ̀ọ̀dá mi, erin, àti ẹran tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá mi nígbà tí erin yọ sí wa ní Maasai Mara, ọgbà ẹranko kan ní Kenya, ni, "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ níbí?" Mo yára wo ojú dẹ́rẹ́bà kí n tó rántí pé Yorùbá ni wọ́n sọ. Erin mẹ́rìnlá ni mo kà, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà láàárín wọn, wọ́n ń rọra kọjá níwájú ọkọ̀ bí àwọn ìyá tó ń ti ọjà alẹ́ bọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn dúró. Ó fi ọwọ́jà fa koríko tu, ó gbọ̀n ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí erùpẹ̀ lè kúrò, bí a ṣe ń gbọn ẹ̀fọ́ kí a tó kó o sínú igbá, ó wá kì í bọ ẹnu. Bọ̀ọ̀dá ní, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí." Ìdajì òwe nìyẹn. Ìdajì yòókù kò tẹnu wọn jáde, wọ́n kàn di irin ọkọ̀ mú.

Ọdún keje mi rèé ní Nairobi. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa débẹ̀, a kì í sì í ṣe àlejò mọ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gẹ́, mo mọ mátátù, bọ́ọ̀sì akérò wọn, tó ń sáré jù àti èyí tí orin rẹ̀ ń fẹ́ fọ́ni létí. Àmọ́ n kò lọ wo ẹranko rí títí Bọ̀ọ̀dá fi dé. Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ Ìbàdàn mélòó ló ti gun Láyípo, ilé gogoro Bower yẹn? Ọgbà ẹranko ìjọba tiẹ̀ wà nínú Nairobi fúnra rẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1946, ó fẹ̀ tó 117 kìlómítà onígun mẹ́rin, ènìyàn á sì dúró síbẹ̀ rí àgùnfọn pẹ̀lú àwọn ilé gogoro ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni mo máa ń wò, n kì í wo ẹran.

"Safari" yìí náà, ìrìn àjò lásán ni lédè Swahili. Ẹni tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kisumu, safari ló ń lọ. Wọ́n máa ń kọ "Safari njema" sára bọ́ọ̀sì, bí àwa ṣe ń sọ pé ọ̀nà á dáa o. Àwọn òyìnbó ló gbé e wọ ẹran lọ́rùn.

Oṣù keje ni Bọ̀ọ̀dá dé. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé kí wọ́n mú súwẹ́tà dání. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe Áfíríkà náà ni. Nairobi fi nǹkan bí 1,700 mítà ga ju òkun lọ, oṣù keje sì wà lára ìgbà tí òtútù rẹ̀ ń wọ eegun. Bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n wọ̀ jáde ní pápákọ̀ òfurufú, eyín wọn ń gbá ara wọn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sáré lọ bá wọn, ó sì na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n bọ̀ ọ́. Bọ̀ọ̀dá wo ọwọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n gbé ọjà tí kò bèèrè fún. Mo ti kọ́ ọmọ náà ní ìdọ̀bálẹ̀ o, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Àmọ́ níbí, bíbọ ọwọ́ ni ìkíni, ọmọdé ń bọ tíṣà lọ́wọ́, tíṣà kì í sì í rò pé wọ́n rí òun fín. "Èyí ni ẹ wá kọ́ níbí?" ni wọ́n bi mí nínú mọ́tò.

Ohun tó tù wọ́n nínú díẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ẹnu géètì wa. Bọ̀ọ̀dá yọ 1,000 ṣílè jáde láti ra ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní sukuma wiki, ìyá náà ní òun ò ní ṣéńjì, kí wọ́n fi M-Pesa ránṣẹ́. Láti 2007 ni wọ́n ti ń fi fóònù rán owó báyìí, fóònù onítẹ́ lásán tó fún un. Nílé náà a ti ń ṣe tiransifá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí álẹ́ẹ̀tì á fi wọlé, ẹni tó ń tajà á ní òun ò tíì rí i, èrò á sì pé lé yín lórí. Ìyá yìí kò tíì di ẹ̀fọ́ náà tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ní ti oúnjẹ, ugali ni tùwó àgbàdo wa, kò sí nǹkan tuntun nínú rẹ̀ àyàfi pé ata kì í débẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fi ata gígún tí wọ́n gbé wá láti Ìgbòho la gbogbo ọ̀sẹ̀ náà já.

Dẹ́rẹ́bà tí yóò gbé wa lọ sí Mara fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun á dé ní saa kumi na moja. Bọ̀ọ̀dá, tó ti ń fi ìwé pélébé kan kọ́ Swahili, ní aago mọ́kànlá nìyẹn, oorun á tó sùn. Mo rẹ́rìn-ín. Swahili kì í ka aago láti òru; láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n ti ń kà á, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kan. Aago méje òwúrọ̀ ni aago kan wọn, aago méje alẹ́ náà sì ni aago kan òru, nítorí náà mọ́kànlá òru wọn ni aago márùn-ún ìdájí wa. Ọdún àkọ́kọ́ mi, bọ́ọ̀sì Mombasa fi mí sílẹ̀ nítorí ìṣirò yìí, mo jókòó ti ẹrù mi ní gáréèjì bí ẹni tí wọ́n lé nílé ọkọ.

Ọ̀nà Mara gba etí àfonífojì Rift Valley kọjá, lókè Mai Mahiu, níbi tí ilẹ̀ ti dédé já sísàlẹ̀ lójú ẹni. Bọ̀ọ̀dá kò wo ilẹ̀ tó já. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Awọ àgùntàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ànàmọ́ òyìnbó, àgbàdo sísun. "Ẹran ìgbẹ́ dà?" Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Òrè á mọ ohun tí wọ́n ń wá: ọ̀yà tí wọ́n fi ìrù kọ́ sórí igi, ẹtu yíyan, ọmọkùnrin kan á máa jù ú fìrìfìrì sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń wá yẹn. Kenya ti fòfin de ọdẹ ṣíṣe láti 1977.

Àárín ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá wa, ní Ìgbòho, létí ibi tí ó di Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé lónìí. Ọgbà yẹn fẹ̀ ju 2,500 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Maasai Mara tí gbogbo ayé ń rọ́ wá wò kò ju 1,510 lọ. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa. Bọ̀ọ̀dá ti ń gbé ẹ̀bá ọgbà wa láti kékeré, ọ̀bọ ni ẹran tó tóbi jù tí wọ́n rí níbẹ̀ láàyè. Gbogbo ìyókù, ẹnu ni wọ́n ti gbọ́ ọ: nínú ìjálá, nínú òwe, nínú oríkì. Ẹnu wa ni ẹranko ń gbé.

Ní Yorùbá, ẹran ni èyí tó ń rìn nínú igbó, ẹran náà ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Swahili fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: nyama ni tinú àwo, mnyama ni èyí tó ń mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní, "Áà, 'm' yẹn ni òfin." Nígbà tí a dé odò tí a rí erinmi, dẹ́rẹ́bà pè é ní kiboko, ó ní awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe pàṣán láyé àtijọ́, orúkọ kan náà ni pàṣán ọ̀hún ń jẹ́. Tíṣà ni Bọ̀ọ̀dá. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi lo kòbókò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ kejì, dẹ́rẹ́bà pa iná ọkọ̀, ó na ìka sókè igi kan. Ìrù ni mo kọ́kọ́ rí, ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí okùn ìfami. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka, àti ojú kan tó ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ padà sùn. Bọ̀ọ̀dá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ògìdán. Olóólà ijù." Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì pe ẹkùn ní tiger, ẹran tí kò sí nínú igbó Áfíríkà kankan, ẹkùn oníìlà gbọọrọ ni wọ́n ti ń yà sí pátákó látọjọ́. Èyí, tótòtó ló ní. Dẹ́rẹ́bà bèèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é, pé ẹkùn ni ẹni tó ń kọlà fún ẹran inú igbó. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá tún un pè. Òun náà ní ìmọ̀ tirẹ̀: ó mọ kìnnìún tó bí kìnnìún, ó mọ akọ tó lé akọ kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Maasai ni. Ó ní láyé àwọn bàbá òun, tálákà tí kò ní màálù ló ń jẹ ẹran ìgbẹ́. Bọ̀ọ̀dá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ará Kenya ló fẹ́ràn erin. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Taita láti ẹ̀bá Voi, ní òru kan ni erin fi jẹ oko àgbàdo ìyá òun tán, wọ́n sì ń lu páànù títí ilẹ̀ fi mọ́ lásán. Òfin ẹranko ìgbẹ́ ti 2013 ní kí wọ́n san gbà-má-bínú, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn pé ó ń pẹ́ kó tó dé. Owó ìwọlé Mara náà kì í ṣe eré: láti 2024, àlejò tó ti ìlú mìíràn wá ń san 200 dọ́là lóòjọ́ láti oṣù keje dé ìparí ọdún. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ní ìwé ìgbélùú. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ṣírò tiwọn sí náírà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á láyè kí òun sùn nínú ọkọ̀.

Lọ́nà ilé, mo sọ fún wọn pé inú ọgbà Nairobi ni Ààrẹ Moi ti sun eyín erin tọ́ọ̀nù 12 ní 1989, pé ní 2016 Uhuru Kenyatta tún sun èyí tó lé ní 100 tọ́ọ̀nù kí àwọn oníṣòwò lè mọ̀ pé kò ní í dọjà. Wọ́n dákẹ́ fún bíi máìlì méjì. "Ọ̀wọ̀," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Àwọn tó ń fi eyín erin gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ọba. Tí wọ́n bá rí iná yẹn, wọ́n á sunkún." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n fi kún un pé: "Àwa náà ò kúkú ní erin láti sun." Mo ní ó ṣì kù nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ sókè.

Ní Narok a yà jẹ nyama choma, ẹran ewúrẹ́ sísun tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sórí pákó, iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá wa pè lórí WhatsApp bí a ṣe ń jẹun. Bọ̀ọ̀dá ròyìn erin fún wọn, wọ́n ròyìn ẹkùn, wọ́n ròyìn ẹfọ̀n tó pọ̀ bí èrò ọjà. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin.

"Ẹ wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́ta," ni wọ́n wí, "kí lẹ pa?"

Bọ̀ọ̀dá gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́.