Ìfọwọ́sí méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọ́fíìsì mi pa

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó nọ́ọ̀sì fún ilé ìwòsàn, ẹ mọ bó ṣe ń rí tí oṣù bá ti ń lọ sópin. Ilé ìwòsàn á ní ó di oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ò sì lè dúró de oṣù mẹ́ta kó tó rí owó ọkọ̀ Ìjẹ̀dẹ̀ sí Sábó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta ínfọ́ìsì, ìwé owó tí ilé ìwòsàn jẹ mí, fáwọn tó ń ṣe factoring, ìyẹn àwọn tó ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ owó tó pé.

Ínfọ́ìsì oṣù kan jẹ́ ₦3,200,000. Wọ́n á fún mi ní ìdá 80 nínú 100 lójú ẹsẹ̀, ₦2,560,000. Tí ilé ìwòsàn bá san owó fún wọn, wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á dá ìyókù padà. Tiwọn jẹ́ ₦128,000 lóṣù, ₦384,000 lóṣù mẹ́ta. Owó oṣù àwọn ọmọ mi, àwọn nọ́ọ̀sì, sì jẹ́ ₦2,700,000, ẹ wo ohun tó kù fún mi. Ọkọ mi ní ṣé àwọn tó ń ra ínfọ́ìsì ni mò ń ṣiṣẹ́ fún ni. Kì í ṣe òun ni nọ́ọ̀sì ń pè ní ìdájí.

28 oṣù kẹrin, mo jókòó ní ọ́fíìsì mi l'Ógólóńtò, mò ń retí alert. Kò wọlé. Mo pe àwọn tó ń ra ínfọ́ìsì. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé e ní ínfọ́ìsì oṣù kìíní ti pé 90 ọjọ́, ilé ìwòsàn ò tíì san án, èmi ni mo jẹ gbèsè náà, àwọn ti fi owó oṣù kẹrin dí i. "Mà, ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí." Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, "with recourse", ìyẹn ni pé tí ilé ìwòsàn ò bá san, èmi ni n ó san. Ẹ má sọ pé mi ò kà á. Mo kà á.

Kí ló dé tí ilé ìwòsàn ò san? Ìwé iṣẹ́ alẹ́ méjì tí matron ò fọwọ́ sí. Owó méjèèjì ò tó ₦40,000, wọ́n sì fi gbé gbogbo ₦3,200,000 kọ́.

Mo sáré lọ sí báńkì kékeré kan. Wọ́n wo National Collateral Registry, ibi tí wọ́n ń forúkọ ohun tí èèyàn ti fi dúró fún gbèsè sílẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ínfọ́ìsì mi ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọn ò yá mi.

Ìgbà tí mo padà dé, mẹ́fà nínú àwọn ọmọ ti jókòó. Kò sẹ́ni tó pariwo. Àgbà wọn, tá a ń pè ní Ìyá Wọ́ọ̀dù, gbé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sórí tábìlì mi nínú ọ̀rá dúdú, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lókè. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló fi lọ̀ ọ́, eérú díẹ̀ wà lára kọ́là. "Mi ò bínú, mà. Wọ́n ti já iná mi ni." Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n fún mi ní àjọ mi kó tó kàn mí, ẹ̀gbọ́n mi yá mi lówó, matron fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún, owó jáde.

Ẹ jẹ́ kí matron fọwọ́ sí ìwé kí nọ́ọ̀sì tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. Kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹ rí i pé ilé iṣẹ́ tó ń ra ínfọ́ìsì ní ìwé àṣẹ CBN. Ínfọ́ìsì ẹni tó ń tètè sanwó, ẹ má tà á, ẹ ń fi èrè yín ta wọ́n lọ́rẹ ni. Ẹ bi wọ́n nípa recourse. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ gba non-recourse, èyí tí ẹni tó ra ínfọ́ìsì máa ń ru gbèsè náà fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n jù, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ìgbà tí ilé ìwòsàn bá wọko gbèsè nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ àríyànjiyàn lórí ìwé iṣẹ́, ọrùn yín ló ń padà sí. Ìfọwọ́sí náà ni mo tún ń sọ yẹn. Ọmọ mi kan ní Àgíríìkì pè mí lálẹ́ àná pé matron ti lọ sílé. Mo ní kó jókòó dè é di àárọ̀.

Ìyá Wọ́ọ̀dù ti ríṣẹ́ ní Ìgbógbó. Yúnífọ́ọ̀mù náà ṣì wà nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ mi.